Ilẹ̀kùn Àpótí Kejì

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìwé méjì ni mo gbà lónìí, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan. Dókítà Ẹyin, obìnrin tó ń fi ẹyin adìẹ ṣèwádìí, ló fún mi ní pupa. Ó ní gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí àwọn ẹyin òun ni kí n máa kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkan kún un." Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kò lè ṣeé ṣe kí ẹyin ní ìwé kí èmi tí mò ń tọ́jú ẹ̀ má ní. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fún mi. Èyí aláwọ̀ ewé yìí rèé.

Kíláàsì karùn-ún ni mo dé. Wọn ò lé mi o, èmi ni mo dá wọn dúró. Ẹni tó bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, kó gbé e mì.

Mo ti ta bàtà àlòkù rí. Mo ti ta ṣájà fóònù. Mo ti ta oògùn eku táwọn eku ń jẹ tí wọ́n ń sanra. Láti ọdún tó kọjá, ẹyin ni mò ń kó wá fún Dókítà Ẹyin, ẹyin tó lè di òròmọdìẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dín. Ẹni tó ń bá a tọ́jú wọn ti ríṣẹ́ síbòmíì, ó wá ní kí n bọ́ síbẹ̀. Owó oṣù. Òjò ò kàn án, oòrùn ò kàn án. Èmi Ṣáápù, òṣìṣẹ́ olówó oṣù.

Ìyàwó mi gbọ́, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ dúró. Ó ní, "Wọ́n gba ọkọ mi síṣẹ́ adìẹ. Wọ́n á máa sanwó fún un kó lè sàba."

Mo ní, "Ìwọ tó ò ń sàba láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ta ló ń san tìẹ?"

Ó fi téèpù ìwọnṣọ nà mí.

Túsìdé, ọjọ́ kẹrin

A to ẹyin sínú àpótí lónìí. Yàrá náà ò tóbi ju yàrá wa lọ, àmọ́ ó tutù, ó ń rùn bí ọṣẹ. Àpótí ìsàba méjì, ogójì ẹyin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ló wà nínú Àpótí Kìíní, iná kékeré kan ń kọ 21 sára ẹ̀. Dókítà ní tí èèyàn bá pín afẹ́fẹ́ sọ́nà ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógún nínú ẹ̀ ló jẹ́ ọ́síjìn. Àpótí Kejì ní tiẹ̀, gáàsì míì ń gba páìpù wọ inú ẹ̀ láti ara sílíńdà, ó ń ti ọ́síjìn jáde títí iná á fi kọ 14. Bí ọkàn ọmọ inú ẹyin ṣe ń dàgbà tí ọ́síjìn ò bá tó o, ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Ihò róbótó méjì ló wà níwájú Àpótí Kejì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lẹ́nu ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń tọwọ́ bọ̀ láti yí ẹyin, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ilẹ̀kùn ńkọ́? Èèwọ̀.

"Ilé ì báà máa jó," Dókítà wí, "má ṣí i."

"Tí ilé bá ń jó, mà, mi ò ní gbé wọn jáde?"

"Ṣáápù."

"Mo ti gbọ́, mà."

Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó ń rìn bí àgbébọ̀ tó gbàgbé ibi tó yé sí.

Fúráìdé, ọjọ́ keje

Òjò látàárọ̀. Ẹyin ti gbówó lórí, àwọn oníbàárà mi àtijọ́ ń pè mí kí n ṣàlàyé, bíi pé èmi ni mo yé e.

Dókítà tan iná sẹ́yìn ẹyin kan nínú òkùnkùn, ó ní kí n wá wò. Mo rí nǹkan pupa kan, kò tó orí abẹ́rẹ́, ó ń sọ kìkìkì. Ó ní ọkàn ẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Kò tíì lórí, kò tíì lẹ́sẹ̀, ọkàn ti ń lù. Mo délé, mo gbé etí lé ikùn ìyàwó mi, ó ní kí n kúrò níbẹ̀, irùngbọ̀n mi ń gún òun.

Túsìdé, ọjọ́ kọkànlá

Dókítà ilé ìwòsàn wo síkáànì títí. Mo dá àpárá, kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Ó ní ọmọ náà kéré sí ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti lò. Ibi ọmọ ò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀ kọjá ò pọ̀, kò gbé oúnjẹ tó, kò gbé ọ́síjìn tó. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kí ìyá sinmi, kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa ka ìgbà tí ọmọ bá ta. Tó bá burú sí i, wọ́n á gbé e jáde kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé.

Ọ́síjìn. Ká ní oṣù tó kọjá ni, mi ò bá máa mi orí lásán.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi ní, "Ṣáápù, jọ̀ọ́, má dẹ́rìn-ín pa mí lónìí."

Mi ò dẹ́rìn-ín pa á.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kejìlá

Mo bi Dókítà Ẹyin bíi pé ọ̀rọ̀ ò kàn mí. "Mà, àwọn ti Àpótí Kejì yìí, kí ló ń ṣe ọkàn wọn gan-an?"

Inú ẹ̀ dùn pé mo bi í. Ó fa àga. "Sẹ́ẹ̀lì tín-tìn-tín ló kóra jọ di iṣan ọkàn. Tí ọmọ bá ṣì wà nínú ẹyin, àbí nínú ilé ọlẹ̀, wọ́n ń pín sí méjì-méjì, wọ́n ń pọ̀ sí i. Tó bá ti jáde sáyé báyìí, kò ní pẹ́ tí pípín yẹn á dúró. Iye tó kó jáde ló máa fi gbogbo ayé ẹ̀ lò. Wọ́n á máa tóbi ni, wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́."

"Afẹ́fẹ́ wá ńkọ́?"

"Ọ́síjìn inú ilé ọlẹ̀ ò pọ̀ bíi ti ìta, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ìwọ̀nba yẹn gan-an ló bá wọn lára mu. Àmọ́ tó bá tún wá dín ju ìyẹn lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìwọ̀nba tó ní ná. Pípín á falẹ̀. Ògiri ọkàn á fẹ́lẹ́."

"Ṣé wọ́n máa ń kú, mà?"

"Òmíì ń kú. Èyí tó pọ̀ ń yè. Àwọn tó yè ni mò ń wá ìdí wọn."

Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo lọ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹtàlá

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà ò tíì dé. Mo tọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́, mo yí gbogbo wọn tán. Iná ń kọ 14, ó ń wò mí. Mo ní ta ló máa mọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn Àpótí Kejì, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni ṣí fèrèsé fún àlejò tí ooru ń mú, mo kà dé igba. Iná kọ 16, ó kọ 19. Mo ní ẹ tètè mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo tì í.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé pupa ni: Mo yí ẹyin.

Orí mi pé. Mo mọ̀ pé ẹyin ni. Àmọ́ kò sílẹ̀kùn tí mo lè ṣí lára ìyàwó mi.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ṣí i ní méje ààbọ̀, igba. Mo ṣí i ní aago kan ọ̀sán, igba. Bó ṣe rí lánàá náà nìyẹn. Ooru.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti ṣètò bí a ṣe ń kà á. Bọ́tìnnì ìyàwó mi ni. Tí ọmọ bá ta, ó á sọ bọ́tìnnì kan sínú agolo. Tó bá ti pé mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì, ọkàn wa á balẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ti dé láti bá wa gbé, ó ń fi etí gbọ́ agolo náà láti ìdí iná. Gbogbo ìgbà tó bá dún, "Ó ṣeun, ọmọ mi." Mo ní, "Màmá, ṣé èmi lẹ̀ ń kí?" Ó ní, "Ẹnu ẹ ò kí ń rẹ̀ ẹ́ ni, àna mi?"

Mọ́kànlá lónìí. A ti ń pe ọmọ náà ní Bọ́tìnnì.

Ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀mejì.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bọ́tìnnì mẹ́rin péré. A sáré lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn ìyàwó mi, ó wá ọkàn ọmọ, ó wá a, kò rí i, ó tún wá a. Nígbà tó bọ́ sí i, ó ń dún bí ẹsẹ̀ ọmọdé tó ń sáré lórí páànù. Wọ́n ní ó ṣì lè dúró. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ìgò tí kò fẹ́ kó fọ́.

Lónìí, mo kà dé irinwó.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Dókítà la ẹyin lónìí. Mi ò wò ó dáadáa, etí ni mo fi wò ó. Ó ń wọn ọkàn lórí òṣùwọ̀n kékeré, ó ń gé e pẹlẹbẹ, ó ń wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Èyí ò yé mi o. Ọkàn àwọn ti Àpótí Kejì ò fẹ́lẹ́ tó ti àwọn tó ṣíwájú."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ó wá tan kọ̀ǹpútà. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ àpótí yẹn tó ń kọ ìwọ̀n ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ìlà náà ń lọ gbọọrọ, láti ọjọ́ kẹtàlá ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

"Onígáàsì yìí ti ba iṣẹ́ mi jẹ́," ó ní. "Sílíńdà rádaràda ló gbé fún mi. Lọ́la ni màá já a kúrò, ẹlòmíì á máa gbé e wá."

Onígáàsì yìí ló máa ń fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé mi délé tí òjò bá ń rọ̀. Mo mọ ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu mi tí kì í sinmi, òní ló rí ìsinmi.

Túsìdé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mò ń kọ èyí sí, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó bá dé.

Mo bá a níbi tó ti fẹ́ pe onígáàsì. Mo ní, "Mà, kì í ṣe òun. Èmi ni." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé sórí tábìlì ẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn wà níbẹ̀, mà. Ti ìwé pupa, irọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kọkànlá."

Kò bú mi. Ì bá dáa ká ní ó bú mi. Ó ní, "Máa lọ sílé."

Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi. Mo ní wọ́n fún wa ní ìsinmi. Ó ní, "Adìẹ náà ń gba ìsinmi?"

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìwé ti dé. Lábẹ́ ibi tí mo ti kọ̀wé nípa ìrìn ẹ̀, ó fi bíírò pupa kọ ọ́ pé: Àgbébọ̀ ti ka èyí. Lábẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, kò kọ nǹkan kan.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti wọmi," ó ní. "Mi ò lè lo ẹyọ kan nínú wọn. Ó yẹ kí n lé ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ fún mi?"

"Mo máa ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà, mà. Èyí ò ṣeé fi ṣe é."

Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé torí mo ṣílẹ̀kùn ni ọkàn wọn ṣe nípọn?

"Ó lè jẹ́ òun. Ó lè má jẹ́ òun. Mi ò lè sọ ohun tí mi ò wọ̀n. Ọmọ ẹ kì í sì í ṣe ẹyin, Ṣáápù, àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣọ́ ọ. Ó lójú ọmọ tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí fún, àwọn tí afẹ́fẹ́ ò tó bíi tiẹ̀ yẹn, kí àwọn dókítà lè mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ọkàn wọn. Tó o bá ń ṣílẹ̀kùn, mi ò ní mọ̀ ọ́n láé."

Ó wá ní kí n wá wo nǹkan kan. Àwo pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ awò, sẹ́ẹ̀lì ọkàn òròmọdìẹ ló tú ká sínú ẹ̀. Mo fojú lé e. Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ń lù. Kò sí ara, kò sí ẹ̀jẹ̀, kálukú dá wà, kálukú ń lù ní tiẹ̀, ọ̀kan ń yára, ọ̀kan ń falẹ̀. Ó ti àwo míì bọ̀ ọ́. Nínú ìyẹn, wọ́n ti dàgbà díẹ̀, wọ́n ti fara kanra. Gbogbo wọn ń lù pọ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?" mo ní.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn," Dókítà wí. "Lọ́la la máa to òmíì. Ṣé o lè ti ilẹ̀kùn?"

Mo ní mo lè tì í.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A to wọn. Ogójì, ogójì. 21, 14.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mi ò ṣí i. Mo ki ọwọ́ mi sápò.

Ìwé pupa: Mo yí ẹyin. Mi ò ṣílẹ̀kùn.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹrin

Ìyàwó mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń fọwọ́ rán fìlà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó rán an tó bí ọsàn ńlá. Lónìí, wọ́n sọ ìwọ̀n ọmọ fún un nílé ìwòsàn, ó dé, ó tú u, ó ń rán an kó kéré sí i. Mo ní, "Ọmọ mi ò ní lórí kékeré, orí mi tó báyìí." Ó ní, "Orí ẹ, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ká ní o lè fún un níbẹ̀." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bọ́tìnnì mẹ́jọ.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ

Bọ́tìnnì méjì láàárọ̀. Ìyá ìyàwó mi ò dúró gbọ́ ìkẹta, ó ti di ẹrù. Wọ́n gbọ́ ọkàn ẹ̀, ó ń falẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń falẹ̀. Wọ́n ní ó di dandan, iṣẹ́ abẹ ni. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀. Màmá di apá mi mú, ó ní, "Sọ nǹkan kan. Sọ ìsọkúsọ ẹ yẹn." Mi ò rí ọ̀kan sọ.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún. Obìnrin. Kílò kan lé díẹ̀, bàtà tí mò ń tà tẹ́lẹ̀ wúwo jù ú lọ. Ó ké, ohùn ẹ̀ ò ju ti ológbò tó wà nínú páálí lọ, àmọ́ ó ké. Ìyàwó mi wà dáadáa.

Àpótí ni wọ́n gbé e sí. Àpótí onígíláàsì, ihò róbótó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, iná kékeré kan níwájú. 40.

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Bàbá ọmọ, ẹ má bẹ̀rù, ẹ rọra ni, àwọn bàbá kì í fẹ́ tọwọ́ bọ ihò yìí." Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka mi kan ti wà nínú àtẹ́lẹwọ́ Bọ́tìnnì. Mi ò gbọn àpótí.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń sàba, mà."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kún ọ́síjìn ogójì yẹn. Ó ní rárá, tó bá ti pọ̀ jù, ó ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ìwọ̀nba ni, wọ́n á sì máa dín in títí dé mọ́kànlélógún. "Ilẹ̀kùn ńlá yẹn, ẹ má ṣí i o."

"Èmi, mà? Mi ò kí ń ṣílẹ̀kùn."

Fúráìdé, ọjọ́ kejìlá

32. Wọ́n wo ọkàn ẹ̀. Ó kéré, ó rí róbótó díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ ó ń fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Wọ́n á máa wò ó lọ́dọọdún. Ìyàwó mi sunkún. Mo jókòó tì í, mo ní iye sẹ́ẹ̀lì tó kó wá náà ló máa lò, wọ́n á máa tóbi, àwọn ọlọ́kàn kékeré ń yè, àwọn ló pọ̀ jù.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo fọ́nnu tó gbà á gbọ́.

Mo yà síbi iṣẹ́. Dókítà ló ti ń bá mi yí wọn láti Mọ́ńdè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pupa: Àgbébọ̀ yí ẹyin. Kò ṣílẹ̀kùn.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A la ẹyin. Mo wò ó lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró tì í. Ti Àpótí Kejì, ọkàn wọn kéré, ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì ò pọ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà ti kú sínú ẹyin. Dókítà ò fi pa mọ́ fún mi, kò sì fi dẹ́rù bà mí. Ó ní, "A ti wọ̀n ọ́n báyìí. Ó ti di ohun tí èèyàn lè mú ṣiṣẹ́."

Ó ní kí n kọ iye tó yè. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nílé ìwòsàn, 26.

Sátidé, ọjọ́ ogún

Mo dé yàrá àwọn ọmọ ní aago mẹ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì àgbà ń dúró dè mí, ó ń fojú rẹ́rìn-ín. Mo wo iná.

21.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n má ṣì í kà. Mọ́kànlélógún. Afẹ́fẹ́ tó wà ní títì níta, tí kò sẹ́ni tó ń tà á, tí èmi àti ìyàwó mi ń mí lọ́fẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

"Mà, ìyàwó mi jókòó síbí o."

Ìyàwó mi ní, "Bọ́ ọ jàre, kò sóhun tuntun níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ló wá ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Gbogbo ẹ̀, ó ṣí i gbayawu, kò sẹ́ni tó kà dé igba. Ó gbé Bọ́tìnnì jáde pẹ̀lú fìlà ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àyà mi, ó fi aṣọ bò wá. Ó gbóná. Kò wúwo. Ọkàn ẹ̀ ń gbá mi láyà, tíntìntín, kíákíá.

Mo ti rò pé tí a bá ti fara kanra, á máa lù pọ̀ bíi ti inú àwo yẹn. Mo tẹ́tí. Irọ́ ni. Tiẹ̀ ń sáré ju tèmi lọ fíìfíì, tèmi ò lè bá a. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí.

Mo ní ó jọ mí. Ó ń kánjú.